Ìfẹ́ àti Ẹ̀tọ́ nínú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ń kọ́ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ òdodo kò gbọdọ̀ tẹ́tí sí ẹni tí ó fẹ́ràn nìkan. Láti inú irú òwe báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fa èrò kan yọ, pé ìfẹ́ àti òdodo kì í gbé inú ilé kan náà: bí ìfẹ́ bá ti wọlé, ojúsàájú ti bá a wọlé nìyẹn, òdodo a sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí ẹni tó ní ìfẹ́ náà bá tún jẹ́ ọ̀dọ́langba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀, àwọn àgbà kì í jáfara láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rárá, pé ìfẹ́ ló ń pa á bí ọtí.

Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wà nílé-ẹ̀kọ́ bá dìde tako ìwà àìtọ́ nítorí ẹni tí ó fẹ́ràn, ṣé ìfẹ́ náà bu ẹ̀tọ́ tó ń bèèrè kù ni, àbí ó fi kún un? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ó ti dé iwájú adájọ́ ní Amẹ́ríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló sì gbé e débẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni yóò jẹ́ òpó fún àgbéyẹ̀wò yìí. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ìlú Fulton, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lọ́dún 2010. Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ìlú Olathe, ní ìpínlẹ̀ Kansas, láàárín ọdún 1993 sí 1995. Ní ti èkíní, inú ọkàn ọmọbìnrin tó pẹjọ́ gan-an ni ìfẹ́ náà wà. Ní ti èkejì, inú ìwé ìtàn ni ó wà. Ohun tí àwọn tó pẹjọ́ ń fẹ́ kò ju pé kí ìwé náà wà níbi tí ọwọ́ wọn yóò ti tó o. Bí a bá fi ọ̀kan wé èkejì, ìdáhùn yóò fara hàn.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Fulton

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì máa ń ṣe òde ijó kan tí wọ́n ń pè ní prom. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé lásán ni, kò mọ bí ó ti rí lára àwọn tó ni ín. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀ kì í ṣe aṣọ ojoojúmọ́. Àwọn òbí a máa ya fọ́tò wọn. Ìlú a sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń fi ìgbà èwe sílẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn. Nítorí náà, ohun tí ẹni tí wọ́n ní kó má wá pàdánù ju ijó alẹ́ kan lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé kò sí lára àwọn ọmọ tí ìlú ń sìn dé ẹnu ọ̀nà àgbà.

Ní oṣù kejì ọdún 2010, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Fulton tó ń jẹ́ Itawamba Agricultural High School jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá máa mú ẹnìkejì wá sí òde ijó náà, ọkùnrin gbọ́dọ̀ mú obìnrin, obìnrin sì gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin. Constance McMillen, ọmọ ọdún 18, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, lọ bá àwọn aláṣẹ. Ó fẹ́ mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá, ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ kan náà, ó sì fẹ́ wọ kóòtù dúdú tí àwọn ọkùnrin máa ń wọ̀ lọ sí irú òde bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ jọ wọlé gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́, àti pé bí wíwà wọn níbẹ̀ bá ni ẹnikẹ́ni lára, wọ́n lè lé wọn jáde. Ẹgbẹ́ American Civil Liberties Union, tó máa ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn kò ní ṣe òde ijó náà mọ́ rárá. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé awuyewuye tó ń lọ ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí. Àwọn aláṣẹ kò kàn sọ pé àwọn kò gbà. Wọ́n mú ohun tí gbogbo kíláàsì ń retí kúrò nílẹ̀, ẹrù ìbínú gbogbo kíláàsì sì wá bọ́ sí orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ rí mọ ọgbọ́n yìí: bí olùkọ́ bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ gbogbo kíláàsì níyà, kò ní láti na ẹni náà mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá a nà án.

McMillen pẹjọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, Adájọ́ Glen Davidson ti ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a láre pé ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, nítorí pé ẹni tó fẹ́ mú wá àti aṣọ tó fẹ́ wọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń sọ fún àwùjọ, òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ sì wà lábẹ́ ààbò òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, adájọ́ kò pàṣẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe òde ijó náà. Àwọn òbí kan ti ń ṣètò ti aládàáni, wọ́n sì ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn pè. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, McMillen múra, ó lọ sí ibi tí wọ́n júwe fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá níbẹ̀ kò pọ̀ tó láti kún tábìlì kan: gbogbo àwọn tó wá kò ju méje lọ. Ibòmíràn ni àwọn yòókù nínú kíláàsì rẹ̀ ti ń jó. Òde ijó méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan fún gbogbo ayé, èkejì fún òun. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìtùnbí-ìnùbí: àwọn aláṣẹ gbà láti san 35,000 dọ́là fún un àti owó agbẹjọ́rò rẹ̀, wọ́n sì gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn yóò fi ìyà jẹ nítorí irú ẹni tí ó fẹ́ràn. Àmọ́ nígbà náà, McMillen ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ Fulton. Ìlú mìíràn ló ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ohun Tí Èdè Fi Yé Ni

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ni, ó dára kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ méjì tí èdè Yorùbá fi sórúkọ àwọn nǹkan tó forí gbárí nínú rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe *fẹ́* ni *ìfẹ́* ti wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni Yorùbá fi ń sọ pé ènìyàn fẹ́ omi mu, pé ó fẹ́ lọ sóko, pé ọkùnrin fẹ́ ìyàwó. Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé láti inú ẹni ni fífẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá ẹlòmíràn fẹ́ ohun tí ẹni náà kò fẹ́.

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe *tọ́* ni *ẹ̀tọ́* ti wá. Igi tí kò wọ́ ni igi tó tọ́. Ìwà tó yẹ ni ìwà tó tọ́. Ohun tó tọ́ sí ènìyàn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Títọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹnikẹ́ni. Àárín ènìyàn sí ènìyàn ni ó wà, bí okùn tí a ta láti òpó kan sí òpó kejì láti fi mọ̀ bóyá ògiri wọ́. Ìdí nìyí tí gbólóhùn náà, "ohun tí mo fẹ́ kọ́ ni ohun tó tọ́ sí mi," kò fi ṣòro fún ọmọdé Yorùbá láti lóye. Òbí tó bá ń tọ́ ọmọ a máa rí i dájú pé ọmọ náà tètè mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá ọ̀rọ̀ méjèèjì rìn tún fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn. Ènìyàn lè bèèrè ẹ̀tọ́, ó lè gbà á, ó lè jà fún un. Bí wọ́n bá sì fi dù ú, ó lè gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ti ìfẹ́, ènìyàn lè ní in, ó lè fi í hàn, ó lè rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí a ti ń gbà á. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ Fulton lè sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin náà ni láti wọlé. Kò lè pàṣẹ kí inú ẹnikẹ́ni dùn pé ó wọlé. Òfo tó bá nínú yàrá ní alẹ́ ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, kọjá ibi tí ọwọ́ òfin tó dé. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ìfẹ́ àti ẹ̀tọ́ kì í ṣe ohun kan náà kò purọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé nítorí pé nǹkan méjì ni, ọ̀tá ni wọ́n.

Ìjókòó Adájọ́ àti Ìdúró Olùpẹjọ́

Òwe tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí sọ̀rọ̀ nípa *agbẹ́jọ́*, ẹni tó jókòó láti dá ẹjọ́. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó wá ro ẹjọ́ rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi. Ojúsàájú jẹ́ àbùkù adájọ́, kì í ṣe àbùkù olùpẹjọ́. Bí baálẹ̀ bá ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn ará ìlú yóò kùn, wọn yóò sì jàre. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan tí wọ́n ti máa sọ fún opó tí wọ́n gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ pé kó dákẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn ọkọ náà. Ìfẹ́ tó ní sí ọkọ rẹ̀ kò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn. Ohun tí ìfẹ́ náà ṣe ni pé ó gbé e dìde.

Ẹni tó bá wá ní kí ọmọbìnrin Fulton kọ́kọ́ bọ́ ìfẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ńṣe ló ń bèèrè ìwà adájọ́ lọ́wọ́ olùpẹjọ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n hu ìwà adájọ́ ni àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ wọn ni òṣùwọ̀n wà. Bí a bá sì wo ohun tí wọ́n ṣe, a óò rí i pé àwọn gan-an ló ṣe ojúsàájú: ohun tí wọ́n fi fún àwọn olólùfẹ́ mìíràn láìbéèrè ni wọ́n fi du àwọn méjì yìí.

Ọ̀nà tó dára wà láti mọ̀ bóyá ìfẹ́ ti ba ẹjọ́ olùpẹjọ́ jẹ́. Kí á wo ohun tó ń bèèrè. Bí ó bá ń bèèrè ohun tí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni, tí ó kàn fẹ́ kí wọ́n fún òun nítorí pé òun fẹ́ràn ẹnìkan, ìfẹ́ ti ràn án ní ìràn-kuràn. Bí ó bá ń bèèrè ohun tí gbogbo ènìyàn ní, ìfẹ́ kò bà á jẹ́. McMillen kò ní kí wọ́n fún òun ní gbọ̀ngán tó ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó ní kí àwọn jọ wọlé, bí àwọn yòókù ti ń jọ wọlé.

Ohun kan tún wà tí ìfẹ́ ṣe, tí ẹ̀tọ́ nìkan kò lè ṣe. Ẹni tó bá ti ní ọkùnrin lọ́kàn tí òun fẹ́ mú wá kò rí ògiri kankan nínú òfin ilé-ẹ̀kọ́ Fulton; ẹnu ọ̀nà ni ó rí. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Ọmọbìnrin tí ìfẹ́ gbé dé ibẹ̀ ló fi orí gbá ògiri náà, òun ló sì wá sọ fún àwọn yòókù pé ògiri wà níbẹ̀. Ìfẹ́ ni ojú tó fi rí àìtọ́. Ẹ̀tọ́ ni òṣùwọ̀n tó fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n láìní ojú kò mọ ohun tí yóò wọ̀n. Ẹni tó ní ojú láìní òṣùwọ̀n kò mọ ìgbà tí yóò dúró.

Ìwé Kan ní Olathe

Ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ bọ̀ lè mú kí ẹnìkan rò pé ẹni tó bá ní ìfẹ́ nìkan ló lè rí àìtọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ Olathe fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1982, Nancy Garden, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́, àkọlé rẹ̀ ni *Annie on My Mind*. Ọmọbìnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, Liza àti Annie, pàdé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, ọ̀rẹ́ wọn sì di ìfẹ́. Liza ni olórí ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń wá owó lójú méjèèjì, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin sì ń bẹ̀rù pé bí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bá bàjẹ́, owó kò ní wọlé. Nígbà tí àṣírí ìfẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà tú, inú ilé àwọn olùkọ́ obìnrin méjì tó ń gbé pọ̀ ni ó ti tú. Wọ́n pe Liza síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ méjèèjì ni wọ́n lé lọ.

Ọgbọ́n ìwé náà wà níbi tí ìyà ti bọ́ sí. Liza rí i pé ìfẹ́ òun ni àwọn ẹlòmíràn fi iṣẹ́ wọn san gbèsè rẹ̀. Fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó ń kọ lẹ́tà sí Annie, kò sì fi wọ́n ránṣẹ́. Àìtọ́ tí wọ́n ṣe níta ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti sọ ìfẹ́ di ẹ̀bi. Èyí jẹ́ ohun kan tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ kì í kà mọ́ ìṣirò wọn: ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ lè tán lórí ìwé, kí ó má tán nínú ọmọ.

Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ kan fi ẹ̀dà ìwé yìí ta àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì 42 ní agbègbè Kansas City lọ́rẹ. Àwọn kan bínú, wọ́n sì dáná sun ẹ̀dà rẹ̀ ní gbangba. Ní Olathe, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà pàṣẹ kí wọ́n kó ìwé náà kúrò ní gbogbo ilé ìkàwé wọn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọrẹ nìkan ni wọ́n kó, wọ́n kó èyí tó ti wà lórí pẹpẹ fún ọdún púpọ̀, tí kò sì sí ẹni tó ṣàròyé nípa rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àwọn òbí gbé àwọn aláṣẹ lọ sí ilé ẹjọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ tiwọn ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti ka ìtàn ìfẹ́ ẹlòmíràn ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, Adájọ́ Thomas Van Bebber dá wọn láre. Ó ní kì í ṣe dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ ra ìwé gbogbo, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti wà nínú ilé ìkàwé, àwọn aláṣẹ kò gbọdọ̀ kó o kúrò nítorí pé wọn kò fẹ́ èrò tó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà padà sórí pẹpẹ.

Ìjà Olathe jẹ́ ìgbésẹ̀ kejì. Ẹni tó kọ ìtàn náà fi ìfẹ́ rí ohun kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò kàn kà á, wọ́n sì di ẹni tó mọ̀. Bí ó ti ń dun ọmọ eku, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dun ọmọ ẹyẹ. Ìwé sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ọmọ ẹyẹ fi ń gbọ́ ìró ìrora ọmọ eku. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ kí àìtọ́ wà pẹ́ kì í fi fi ìwé ìtàn sílẹ̀.

Àwọn Àtakò Mẹ́ta

Àtakò kìíní ni pé ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n ní ìfẹ́ ọmọ ọdún 17 tàbí 18 kì í pẹ́, pé ọ̀la ni yóò gbàgbé ohun tó fi ń da ilé-ẹ̀kọ́ rú lónìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò gbára lé bí ìfẹ́ yóò ti pẹ́ tó. Bí ìfẹ́ náà tilẹ̀ kú lọ́la, ohun tó tọ́ lánàá kò di àìtọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì gbà pé ọmọ ti dàgbà tó láti jẹ ìyà òfin gbọ́dọ̀ gbà pé ó ti dàgbà tó láti bèèrè ìdí òfin náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn nǹkan kan wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ àgbà kò wọ̀.

Àtakò kejì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìjà fún òdodo gan-an. Wọ́n ní ẹni tó bá ń jà fún ará ìlú kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọkàn tirẹ̀ kún un, kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé tara rẹ̀ ló ń wá. Àtakò yìí lágbára, nítorí pé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ ẹ̀tọ́ wá tara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí á béèrè ni ibi tí ìfẹ́ náà ń lọ, kì í ṣe ibi tó ti wá. Bí ó bá dúró lórí ẹni méjì, ìfẹ́ ẹni méjì ni. Bí ó bá kọ́ ẹni náà láti rí ẹlòmíràn tí wọ́n ti sẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti di ojú tí òdodo fi ń ríran. Àròkọ yìí yóò padà sórí kókó yìí.

Àtakò kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò ti ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Nàìjíríà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 ka ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin léèwọ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i. Òǹkàwé tó bá gbà pẹ̀lú òfin náà lè sọ pé ẹjọ́ Fulton kò kan òun. Ó kàn án, nítorí ìdí méjì. Àkọ́kọ́, àṣà lè sọ fún ènìyàn ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Kò lè dá sọ bóyá ohun tó ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ dára. Yorùbá kò fi ìwọ̀nyí ṣe ohun kan náà: àṣà ní orúkọ tirẹ̀, ìwà ní orúkọ tirẹ̀, ìwà ni wọ́n sì fi ń mọ ọmọlúàbí. Ìkejì, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ irú ìfẹ́ kúrò nínú ìtàn náà pátápátá, ohun tó kù ṣì burú. Àwọn àgbàlagbà sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbogbo ọmọ ni àwọn pè. Wọ́n wá darí ọmọ kan sí yàrá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹni tó bá kọ̀ fún ọmọ ní gbangba ti bá a jà; ọmọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá tàn án ti sọ fún un pé kò tó ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Fulton, àwọn àgbà ló wà lọ́jà, ọwọ́ wọn sì ni orí ọmọ fi wọ́. Kò sí àṣà Yorùbá kan tí yóò pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohun kan ṣẹ́ kù nípa alẹ́ ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 2010. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tó wá sí yàrá náà, méjì jẹ́ ọmọ tí ẹ̀kọ́ máa ń ṣòro fún láti mọ̀, tí wọ́n sì nílò ìrànlọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n wá síbi tí kò sí èrò, wọ́n sì jó. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi McMillen léèrè bí alẹ́ náà ti rí, ó dárúkọ ohun rere kan tó rí nínú rẹ̀: inú àwọn méjì yìí dùn púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àròkọ yìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọbìnrin náà lọ síbẹ̀ nítorí ìfẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ti tàn án, wọ́n ti dójú tì í, kò sì sí ẹni tí ì bá bá a wí bí ó bá jẹ́ pé ìyà tirẹ̀ nìkan ni ó rí. Ṣùgbọ́n ó rí ìyà àwọn méjì mìíràn, tí kì í ṣe ìfẹ́ ló so òun pọ̀ mọ́ wọn. Ó rí i pé àwọn náà ní ògiri tiwọn, àti pé ògiri náà wó ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn aláṣẹ tó ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, tí wọ́n ń rí àwọn ọmọ méjì yìí lójoojúmọ́, wọ́n fi wọ́n sí yàrá tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tí wọn kò fẹ́.

Nítorí náà, ìfẹ́ kò bu ẹ̀tọ́ kù. Ìfẹ́ tó bá dúró sójú kan lè di ojúsàájú, èyí tó bá sì ń rìn a máa di àánú, àánú a sì máa ṣamọ̀nà òdodo. Ilé ẹjọ́ lè fi owó àti ìlànà tún ohun tó bàjẹ́ ṣe dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ, ó sì tọ́ kí ó ṣe é. Kò lè dá ijó alẹ́ kan padà. Iṣẹ́ tó kù di ti àwọn tó ń jókòó níwájú ọmọ láràárọ̀. Olùkọ́ ni adájọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń rí nígbà tó bá kúrò nílé. Bí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì rẹ̀ lọ́la, tó ní ohun kan kò tọ́, tí olùkọ́ sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló gbé e dìde, kí olùkọ́ náà má ṣe bi í léèrè ẹni tí ó fẹ́ràn kí ó tó gbọ́ ohun tó sọ. Kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ohun tó sọ tọ́.